ÀBẸ̀WÒ KÌ Í ṢE ÌBỌ̀RÌṢÀ

Ọ̀rọ̀ òní lè ta àwọn kan lára, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa fẹ́ lọ wo àwọn ibi ìtàn ní Àgbádárìgì. Kíá, àwọn àgbà kan ti ń pariwo: "Ẹ̀mí àtijọ́ á bá yín wálé o!" Ẹ̀mí wo? Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà níbẹ̀, àwọn míṣọ́nnárì CMS ló kọ́ ọ. Ọdún 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ó parí ní 1845. Ajayi Crowther tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821, Àgbádárìgì yẹn ló ti ṣiṣẹ́ Olúwa kó tó kọjá sí Abẹ́òkúta ní 1846. Bíbélì Yorùbá tí ẹ há sí abíyá yẹn, iṣẹ́ òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Etí omi ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kó àwọn èèyàn wa sọdá òkun. Ṣé kí ọmọ wa má mọ̀ ọ́n ni?

Àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ńkọ́?" Òótọ́ ni, wọ́n ń bọ òrìṣà níbẹ̀, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17. Pọ́ọ̀lù rìn ká Áténì, ó wo pẹpẹ wọn fínnífínní, ibẹ̀ ló ti fa ìwàásù rẹ̀ yọ. Ká ní ó dijú ni, kí ni ì bá fi wàásù? Má kúnlẹ̀. Má jẹ ohun tí wọ́n fi rúbọ. Má sọ owó sí ojúbọ. Ṣùgbọ́n ojú tó wo nǹkan kọ́ ni orúnkún tó kúnlẹ̀!

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí ẹnì kan bá gbé fọ́tò Teotihuacán ní Mexico sórí Facebook, gbogbo wa la ó tẹ "like". Èèyàn ni wọ́n fi ń rúbọ níbẹ̀ láyé àtijọ́ o! Ti òkèèrè di ìgbafẹ́, ti ilé di òkùnkùn. Ilé kọ́ ló yẹ ká ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde ni?

Ẹ jẹ́ ká wálé. Láti Obalende níbí, ẹ rìn lọ sí Tinubu Square. Ilé àwọn Àgùdà kan wà níbẹ̀ rí, Ilojo Bar, tí wọ́n kọ́ ní 1855. Lọ́dún 1956 ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní September 11, 2016, katakata wó o palẹ̀. Ọjọ́ Sunday ni o! Àwa wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, à ń pariwo Halelúyà. Mélòó nínú wa ló tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan sọnù? Ohun tí èèyàn ò mọ̀, kò lè gbà á sílẹ̀.

Jóṣúà to òkúta méjìlá sí Gílígálì kí ọmọ lè béèrè, kí bàbá lè dáhùn. Àwa ń wó òkúta tiwa, a wá ń bínú pé ọmọ ò mọ ilé.

Nítorí náà, àwọn ọ̀dọ́ máa lọ. Èmi fúnra mi máa bá wọn wọ bọ́ọ̀sì. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kó máa gbàdúrà fún wa nílé. Ẹni tó bá sì fẹ́ tako mi, kó mú ẹsẹ Bíbélì wá, kó má mú ariwo wá.

Jésù ni Olúwa!