Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Ọ̀rọ̀ Kámẹ́rà Ẹ̀yìnkùlé

Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó bá ti fara balẹ̀ wo alákàn létí odò yóò gbà pé òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ. Alákàn ò lọ́rùn. Orí àti àyà rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ lábẹ́ èèpo kan ṣoṣo, kò lè yí orí sọ́tùn-ún sósì bí adìyẹ. Ohun tí Ẹlẹ́dàá fi dípò ọrùn fún un ni ojú méjì tó yọ síta, tó dúró lórí ọ̀pá tín-ínrín, tó ń rí iwájú, tó ń rí ẹ̀gbẹ́, tó sì ń rí ẹ̀yìn pẹ̀lú. Bí òjìji kan bá kọjá lórí rẹ̀ báyìí, á ká ojú náà mọ́lẹ̀, á fi ẹ̀gbẹ́ sáré, ó di inú ihò.

Ọmọ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga tàbí oníṣòwò tó ń gba ọ̀nà òru lọ sọ́jà la sábà máa ń pa òwe yìí fún. Lóde òní, ó yẹ ká máa pa á fún onílé tó fẹ́ ra kámẹ́rà pẹ̀lú. Iwájú ilé ní géètì, ó ní mẹ́gádì nígbà mìíràn, ojú aládùúgbò sì ń tó o. Ẹ̀yìnkùlé ló ṣófo. Ibẹ̀ sì ni jẹnẹrétọ̀ wà, ibẹ̀ ni pọ́ńpù tó ń fa omi wà, ibẹ̀ la sá aṣọ sí, ibẹ̀ ni ilé adìyẹ àti ilẹ̀kùn ilé ìdáná tí ọmọdé máa ń gbàgbé láti tì. Olè mọ gbogbo èyí. Onílé náà mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi ń gba Computer Village n'Íkẹjà lọ, tàbí ọjà Alábà, tó ń béèrè kámẹ́rà tí apá rẹ̀ máa ká.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: kò dìgbà téèyàn bá náwó rẹpẹtẹ kó tó ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú òwe yẹn, ìyẹn orí, ojú àti alákàn. Ọ̀pọ̀ onílé, ojú nìkan ni wọ́n ń rà. Wọn ò tíì mọ orí tí wọ́n fẹ́ ṣọ́, wọn ò sì ronú kan ẹni tí yóò ṣe alákàn.

Orí ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó jáde lọ béèrè iye owó, ẹ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná ní nǹkan bí aago méje alẹ́, kí ẹ wo ẹ̀yìnkùlé náà bí ẹni tó fẹ́ jà á lólè. Níbo ló máa gbà fo fẹ́ńsì? Bóyá igun tí igi máńgòrò ti na ẹ̀ka sọ́dọ̀ wa ni, tàbí ibi tí búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ ilé ṣì wà ní òkìtì. Níbo ló máa gbà dé ìdí jẹnẹrétọ̀? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀nà tóóró kan máa ń wà láàárín ògiri ilé àti fẹ́ńsì tí kò sẹ́ni tó lè ṣe kó má gbabẹ̀. Ọ̀nà tóóró yẹn ni orí. Kámẹ́rà kan tó bá tẹjú mọ́ ọn dáadáa sàn ju mẹ́ta tó ń wo òfúrufú lọ.

Ìṣirò ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Àwọn àmì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní píksẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń hun àwòrán kámẹ́rà. Ìlànà tí ilẹ̀ Yúróòpù fi lélẹ̀ fún kámẹ́rà ààbò, EN 62676-4, sọ pé kéèyàn tó lè dá ojú ẹni tí kò mọ̀ rí mọ̀ nínú àwòrán, ìbú mítà kan gbọ́dọ̀ gba píksẹ́ẹ̀lì 250. Kámẹ́rà 1080p tó pọ̀ lára èyí tí kò wọ́n ní píksẹ́ẹ̀lì 1,920 láti ọ̀tún dé òsì. Bí lẹ́ńsì rẹ̀ bá jẹ́ 2.8mm, ojú rẹ̀ fẹ̀ gan-an: ní mítà 3 sí i, ibi tó ń rí ti fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 8. Ẹ pín 1,920 sí ọ̀nà 8, ẹ ó rí i pé kò ju 240 lọ. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn mítà 3 yẹn, tó jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10, ẹ ó mọ̀ pé èèyàn ló wọlé, ẹ ó mọ àwọ̀ ẹ̀wù rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè fọwọ́ sọ̀yà pé lágbájá ni. Bí lẹ́ńsì náà bá jẹ́ 4mm, ojú rẹ̀ kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè dá ojú èèyàn mọ̀ dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 15. Iye kan náà ni wọ́n sábà máa ń ta méjèèjì. Ẹni tó mọ orí tó fẹ́ ṣọ́ ló lè sọ fún ọlọ́jà èwo ni kó mú wá.

Ó wá kan ojú. Ọ̀sán ni wọ́n ń ta kámẹ́rà, òru lolè ń wá. Nítorí náà, àwòrán òru ni kí ẹ sọ pé kí ọlọ́jà fi hàn yín. Oríṣi ọ̀nà méjì ni kámẹ́rà fi ń ríran lókùnkùn. Àwọn kan ń tan infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí, àwòrán wọn a sì máa jẹ́ dúdú àti funfun. Àwọn kan ní iná funfun tó máa tàn bí wọ́n bá ti rí ohun tó ń rìn, àwòrán wọn a ní àwọ̀, olè a sì mọ̀ pé wọ́n ti rí òun. Ní ẹ̀yìnkùlé, mo fara mọ́ èyí tó ní iná funfun, nítorí ohun tí onílé ń fẹ́ ni kí olè padà lẹ́yìn fẹ́ńsì. Ẹni tó bá sì ti ní kámẹ́rà infrared, kó ra gílóòbù LED kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé. Owó gílóòbù yẹn á tún àwòrán ṣe ju owó tí ì bá fi ra kámẹ́rà ńlá lọ.

Ibi tí ojú dúró sí ṣe pàtàkì ju bí ojú ṣe tóbi tó. Bí ẹ bá gbé e ga jù, fìlà nìkan ni yóò máa rí. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, ọwọ́ á tó o. Mítà 2.5 sí 3 ló dáa, lábẹ́ etí òrùlé, níbi tí òjò kò ti ní máa nà án tààrà. Kó má ṣe sún mọ́ ògiri funfun, nítorí infrared á kọlu ògiri náà, á padà wá bo àwòrán mọ́lẹ̀. Kó má kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Aláǹtakùn tún wà níbẹ̀. Kòkòrò máa ń wá sídìí ìmọ́lẹ̀, aláǹtakùn á sì tẹ̀ lé wọn. Tó bá ta okùn ẹyọ kan ṣoṣo síwájú lẹ́ńsì, lóru ẹ ó rí i tí okùn náà ń tàn yinrinyinrin bí irin, tó ń mì sọ́tùn-ún sósì nínú afẹ́fẹ́, fóònù á sì máa ké gbogbo òru pé ẹnìkan ti wọlé. Ìgbálẹ̀ ọwọ́ gígùn lóṣooṣù ti tó láti tú u ká.

Ní ti òjò àti eruku, ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé lẹ́tà IP lára páálí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti eruku, 6 ló sì ga jù. Ìkejì jẹ́ ti omi: 5 fara da omi tó ń tú jáde lẹ́nu họ́ọ̀sì, 6 fara da èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọyẹ́ wa àti òjò wa ò fẹ́ ohun tó kéré sí IP65. Ilé tí a bá fitọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ojú tí kò jẹun á fọ́. NẸ́PÀ ò ní bi wá léèrè kí wọ́n tó múná lọ, ìgbà tí òkùnkùn bá sì ṣú bolẹ̀ gan-an nilé ń fẹ́ ìṣọ́. Bí ínfátà bá wà nílé, kámẹ́rà oníwáyà tó ń lo fóòtì 12 ló dáa jù, nítorí iná tó ń jẹ kéré gan-an, kì í sì í sùn. Bí kò bá sí, èyí tó ní sólà àti bátìrì ni kí ẹ mú. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé kámẹ́rà bátìrì máa ń sùn ni. Ohun kékeré kan lára rẹ̀ tó ń mọ ooru ara èèyàn ló ń jí i, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó lajú. Ohun náà tètè máa ń mọ ẹni tó ń dábùú kọjá níwájú rẹ̀ ju ẹni tó ń bọ̀ tààrà lọ, nítorí náà, ẹ gbé e síbi tí olè ti máa dábùú rẹ̀. Ẹ má sì gbé páálí sólà sábẹ́ òjìji igi. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa fi àkísà tútù nù ún.

Wi-Fi inú ilé lè má dé ẹ̀yìnkùlé bí ògiri búlọ́ọ̀kù bá pọ̀ láàárín. Èyí tó ń lo 2.4GHz máa ń la ògiri kọjá ju 5GHz lọ. Èyí tó ń lo síìmù dáa fún ilé tí kò ní Wi-Fi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wíwo fídíò fún wákàtí kan lè jẹ nǹkan bíi 450MB nínú dátà. Ní ti ìpamọ́, kámẹ́rà 1080p tó ń gba fídíò sílẹ̀ tọ̀sántòru lọ́nà ìfúnpọ̀ fídíò H.265 lè gbà tó 11GB lójúmọ́, nítorí náà mẹ́mórì 64GB á kó nǹkan bí ọjọ́ 5 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹ rántí pé bí olè bá já kámẹ́rà lọ, mẹ́mórì inú rẹ̀ bá a lọ. Bí agbára bá wà, kí ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sílẹ̀ wà nínú yàrá.

Nǹkan kẹta ni alákàn fúnra rẹ̀, ẹni tí yóò ṣe nǹkan sí ohun tí ojú bá rí; òun ni kò sí lọ́jà. Obìnrin adúláwọ̀ kan wà ní Queens, ní ìlú New York, Marie Van Brittan Brown lorúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni. Òun nìkan ló máa ń wà nílé lọ́pọ̀ òru, ọlọ́pàá kì í sì í tètè dé àdúgbò wọn. Lọ́dún 1966, òun àti ọkọ rẹ̀, Albert Brown, kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ ìṣọ́lé kan tí wọ́n ṣe. Ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún 1969 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn ní ẹ̀tọ́ náà. Kámẹ́rà ń lọ sókè sódò lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ní ihò mẹ́rin, àwòrán ń yọ lórí tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá. Àmọ́ wọn ò fi í mọ síbẹ̀: Marie lè bá ẹni tó kanlẹ̀kùn sọ̀rọ̀, ó lè ṣílẹ̀kùn látorí ibùsùn, bọ́tìnì kan sì wà tó lè fi ké gbàjarè. Marie Brown mọ̀ pé ìran nìkan ò lè gba òun. Rírí gbọ́dọ̀ ní ohùn, ó sì gbọ́dọ̀ ní ọwọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra kámẹ́rà, ẹ fẹnu kò nílé: tí fóònù bá ké ní aago méjì òru, ta ló ń dìde wò ó? Ta ló ń pe ọdẹ àdúgbò? Nọ́ńbà alága ẹgbẹ́ onílé wà lórí fóònù ta ni? Ẹ yí kámẹ́rà náà débi tí ewúrẹ́ àti ẹ̀ka igi ò ti ní máa jí i, nítorí ẹni tí fóònù rẹ̀ bá ń ké lásán lójoojúmọ́ á pa ohùn rẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an lolè á wá.

Ojú olójú ò sì lè jọ ojú ẹni. Lọ́dún 2016, ètò kọ̀ǹpútà aṣebi kan tí wọ́n ń pè ní Mirai wọ inú ọ̀kẹ́ àìmọye kámẹ́rà àti rọ́tà nítorí pé àwọn tó ni wọ́n kò yí ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá wọn láti ilé iṣẹ́ padà. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn ọ̀daràn fi àwọn ẹ̀rọ náà kọlu ilé iṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, tó ń darí àwọn èèyàn sí ojú ewé ayélujára, Twitter àti Netflix sì ṣòroó wọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà yín padà lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e dé.

Ẹ sì bọ̀wọ̀ fún àṣírí ọmọnìkejì. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹ̀yìnkùlé ni balùwẹ̀ àti ṣálángá wà, ibẹ̀ sì ni àwọn obìnrin ti ń jáde pẹ̀lú ìró àyà. Kámẹ́rà kò gbọdọ̀ kọjú síbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọjú sí fèrèsé aládùúgbò. Abala 37 ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí olúkúlùkù nínú ilé rẹ̀. Ẹ sọ fún ayálégbé àti ọmọ ọ̀dọ̀ pé kámẹ́rà wà, ẹ sì fi ibi tó ń wò hàn wọ́n.

Tí ẹ bá ti ra kámẹ́rà bọ̀ lọ́jà, ẹ má tíì lu ògiri. Ẹ di í mọ́ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e sí fún òru kan. Kí ọmọ ilé kan wọ fìlà, kó gba ọ̀nà tóóró yẹn kọjá nínú òkùnkùn, kí ẹlòmíì máa wo fóònù nínú yàrá. Bí ojú ọmọ náà bá hàn kedere, ẹ pe oníṣẹ́ iná kó wá kàn án mọ́ ògiri. Bí kò bá hàn, ẹ sún un, ẹ yí i, ẹ tan gílóòbù, kí ẹ tún un wò. Bí kò bá sì hàn síbẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, iye yòówù kí wọ́n sọ pé ó jẹ́.