Ta Ló Ni Iwe Adìẹ?

Bí wọ́n bá pa adìẹ nílé Yorùbá, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ẹni tí yóò jẹ iwe. Ti baálé ilé ni. Ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìyàwó tó tu ìyẹ́ adìẹ náà, tó gé e, tó bọ̀ ọ́, tó tún dín in, kì í tọ́ ọ wò. Inú àwo bàbá ni iwe máa ń bọ́ sí, tòun ti itan, kódà bó ṣe aago mẹ́wàá alẹ́ ni bàbá tó wọlé.

Iwe kò ju òkèlè kan lọ, ẹnikẹ́ni kì í sì í torí òkèlè kan pe ìpàdé ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí tọkọtaya ṣe ń gbé pọ̀, kó fojú sílẹ̀ wo àwo wọn lálẹ́: ta ló jẹun, nígbà wo, níbo, kí ló sì wà nínú àwo rẹ̀? Fọ́tò ìgbéyàwó tó wà lára ògiri kò lè sọ ìdajì ohun tí àwo náà yóò sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú tọkọtaya kan tó ń gbé Ìkòròdú, tí iṣẹ́ ọkọ wà ní Erékùṣù Èkó, tí ti ìyàwó wà ní Ìkẹjà. Kílẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti jáde. Aago méje ààbọ̀ alẹ́ ni ìyàwó dé. Ó wẹ ọmọ, ó yọ ọbẹ̀ ata tó ti dín láti ọjọ́ Sátidé nínú fíríìsà (inú ike áìsìkirìmù ló wà, ike tó ti tan ọmọ jẹ nílé gbogbo ènìyàn), ó gbé omi kaná, ó tẹ ẹ̀bà. Ebi ń pa á, nítorí náà ó dúró ti gáàsì, ó fi òkèlè mẹ́ta mẹ́rin nu ìdí ìkòkò, ó ní òun ti jẹun. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni ọkọ já sílé látinú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ.

“Ẹ káàbọ̀ o, Dádì. Oúnjẹ yín wà nínú kúùlà.”

Ọkọ gbé oúnjẹ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń jẹ, ó ń wo bọ́ọ̀lù. Ìyàwó ń tòògbé lórí àga. Kí ọkọ tó fọwọ́ tán, oorun ti gbé e lọ. Ìkòkò kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì jẹ nínú rẹ̀, wọn ò sì jọ jẹun.

Àwọn kan á ní ayé òde òní ló bà á jẹ́, pé láyé àtijọ́ ọkọ àti ìyàwó a máa jókòó ti abọ́ kan náà. Irọ́ ni. Nínú ọ̀pọ̀ agboolé Yorùbá, bàbá ń jẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀, tàbí kó pe àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ sí i. Ìyá àti àwọn ọmọ ń jẹ tiwọn nídìí ààrò. Nílé olórogún, ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ní ìkòkò tirẹ̀, wọ́n sì ń gba oúnjẹ ọkọ ṣe ní ọjọ́ sí ọjọ́. Ìyàwó náà kì í ṣe ẹni tó ń jókòó sílé, ọlọ́jà ni. Ẹ̀kọ àti àkàrà òwúrọ̀, owó ni ọ̀pọ̀ ń fi rà á níta. Ìkòkò alẹ́ ló jẹ́ ti ilé gan-an.

Ohun tó wà nígbà náà tí kò sí mọ́ ni àkókò. Ilẹ̀ kì í ṣú bàbá sóko. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, odó á máa dún láti agboolé dé agboolé, gbogbo ilé á jẹun ní ìwọ̀n àsìkò kan náà bí abọ́ wọn tiẹ̀ yàtọ̀, lẹ́yìn náà ni àlọ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Tọkọtaya òde òní ti sọ àsìkò náà nù, wọ́n wá di abọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mú ṣinṣin. Nínú ogún méjì, èyí tó yẹ kí wọ́n jù nù ni wọ́n gbé dání.

Ẹni tó bá sì ní àṣà ni, kó wo inú àwo náà dáadáa. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ṣe gàrí, láti Brazil ni àwọn Pọtogí ti gbé e wá sí etíkun Áfíríkà, àwọn tó padà dé láti oko ẹrú ní Brazil àti láti Sàró ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún sì wà lára àwọn tó jẹ́ kí gàrí gbilẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Tòmátì àti ata pẹ̀lú, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀fun tó gba ẹ̀bà lálejò títí tí ẹ̀bà fi di onílé, kò yẹ kí àga kejì nídìí tábìlì há a.

Ọ̀rọ̀ ẹran ló wá le jù. Ìwádìí ìlera NDHS tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 15 sí 49 ní Nàìjíríà, 58 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ibà wà lára ohun tó ń fà á, aràn inú wà níbẹ̀, oyún àti ìbímọ lemọ́lemọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àìrí oúnjẹ tó ní èròjà irin jẹ tó náà wà níbẹ̀. Ẹran pupa, ẹ̀dọ̀ àti iwe wà lára ibi tí èròjà yìí wà. Ẹ wá wo ẹni tó ń jẹ wọ́n: ọkùnrin, tí kì í ṣe nǹkan oṣù, tí kì í lóyún, tí kì í fún ọmọ lọ́mú. Aláboyún oṣù méje ń fi pọ̀nmọ́ jẹ ẹ̀bà, ó ń kó ẹran fún ọkọ. Pọ̀nmọ́ dùn lóòótọ́, kò sẹ́ni tó bá a jà, àmọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ ẹran.

Kò sí ọkọ rere tó fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ìyàwó òun gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹun ní pálọ̀ kò rí àwo ẹni tó ń jẹun ní kíṣìnnì. Bí wọ́n bá jọ jókòó, tí ẹran mẹ́ta wà níwájú ẹnìkan, tí pọ̀nmọ́ kan wà níwájú ẹnìkejì, ojú á ti ẹni tí ojú yẹ kó tì. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ohun tó sì dára nínú àjọjẹ nìyẹn: kò ní jẹ́ kó dùn.

Ohun kejì tí wọn kì í rí láti pálọ̀ ni owó ọbẹ̀. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya Yorùbá kì í da àpò wọn pọ̀: ọkọ á yọ owó oúnjẹ sílẹ̀, ìyàwó á fi tirẹ̀ dí èyí tó kù. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, èyí tó kù náà kì í ṣe kékeré mọ́. Ní oṣù Kẹfà 2024, àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ ní iye owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Lásìkò náà gan-an ni kòkòrò Tuta absoluta, èyí tí wọ́n ń pè ní Ebola tòmátì, wọ oko tòmátì lókè Ọya, tí àwọn ìyàwó kan ń lọ kárọ́ọ̀tì àti kùkúḿbà mọ́ ata kí ọbẹ̀ lè ki. Ọkọ tọ́ ọ wò, ó ní, “Kí ló dé tí ọbẹ̀ yìí ń dùn bíi ṣúgà?” Bẹ́ẹ̀, iye tó ń fún un lọ́dún tó kọjá náà ló ṣì ń fún un. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Èyí tó dùn bíi ṣúgà yìí, àìsí owó ló pa á.

Ìjọba alára gbà ní oṣù Keje ọdún náà pé N30,000 kò tó mọ́, ó sún owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ sí N70,000. Ọ̀pọ̀ baálé kò tíì buwọ́ lu òfin tiwọn.

Ìgbéyàwó láti ìlú sí ìlú tún ní tirẹ̀. Ọmọ Èkìtì lè jẹ ìrẹsì àwo méjì lálẹ́. Bí kò bá tíì gbé iyán mì, á ṣì ní òun kò tíì jẹun. Ọmọ Ìjẹ̀bú mọ̀ pé ìkọ́kọrẹ́ kì í ṣe àsáró tó bàjẹ́, bí ẹnikẹ́ni ṣe lè máa rò: ewùrà ni wọ́n rin, tí wọ́n ń bù sínú ọbẹ̀ tó ń hó, tòun ti ẹja gbígbẹ. Ará Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, àmàlà dúdú ni, kí gbẹ̀gìrì àti ewédú pàdé lórí rẹ̀. Ẹ̀gbá ń fẹ́ láfún. Ìlàjẹ ní pupuru tirẹ̀. Síbẹ̀ òfin kan ṣoṣo ló de gbogbo wọn: ahọ́n ìyàwó ló ń kó lọ sí ìlú ọkọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó fẹ́ ará Èkìtì á mọ iyán gún láàrin oṣù mẹ́ta, ìyá ọkọ á sì máa yìn ín. Ṣùgbọ́n ogún ọdún lè kọjá kí ọkọ náà tó béèrè pé, “Ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n ń sè nílé yín, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?” Ó tọ́ kí alẹ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ jẹ́ ti ìlú ìyàwó. Àwọn ọmọ pẹ̀lú á lè fi ahọ́n mọ ilé ìyá wọn.

Ta ni yóò wá sè é? Ibí ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2016, Muhammadu Buhari, ààrẹ Nàìjíríà ìgbà náà, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Angela Merkel ní Jámánì, ó ní kíṣìnnì òun, pálọ̀ òun àti yàrá yòókù ni ìyàwó òun wà fún. Yàrá yòókù yẹn ni tolórí tẹlẹ́mù fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Ti kíṣìnnì kò fi bẹ́ẹ̀ ká ẹnikẹ́ni lára. Nílẹ̀ Yorùbá, bí ọkùnrin bá di omorogùn mú, àwọn ará ilé á máa wojú ara wọn, wọ́n á ní ìyàwó ti fún un jẹ. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀: ẹni tó ń se oúnjẹ fún ìyàwó ni wọ́n ní ìyàwó fún lóúnjẹ! Bẹ́ẹ̀ bí ènìyàn bá dé búkà oníyán ní Àkúrẹ́ tàbí Adó-Èkìtì, géńdé ọkùnrin ló sábà máa ń di ọmọ odó mú, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní wọ́n fún un jẹ, nítorí pé owó ni wọ́n ń san fún un. Ọ̀pọ̀ ẹbí ń kọ iṣu 42 sínú ìwé ẹrù ìdána. Wọn kò kọ ọ́ síbì kankan nínú ìwé náà pé ìyàwó nìkan ni yóò máa gún un.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ délé ni kó gbé omi kaná. Kò yẹ kó nira ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó ní iṣẹ́ kò jẹ́ kí àwọn lè jọ jẹun, kí wọ́n wo ilé àwọn Mùsùlùmí nínú oṣù Ramadan. Èkó kan náà ni, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ kan náà ni. Síbẹ̀ bí oòrùn bá ti ń wọ̀, nǹkan bí aago méje alẹ́, ọ̀pọ̀ ọkọ ti wà nílé, ó jókòó ti ìyàwó àti ọmọ, dàbínù àti omi wà nílẹ̀, wọ́n ń retí ìpè àdúrà. Ní ìdájí, wọ́n á tún jọ jí jẹ sààrì. Ẹni tó há sójú ọ̀nà á fi omi ṣínu nínú mọ́tò, á sì pe ilé lórí fóònù. Ọjọ́ 29 tàbí 30 ni wọ́n fi ń ṣe é lọ́dọọdún. Bí Ìtúnu bá ti kọjá, kúùlà á tún padà sórí tábìlì.

Ní London, ọ̀nà mìíràn ni tọkọtaya Yorùbá ń gbà pàdánù ara wọn. Èlùbọ́ kò wọ́n wọn: ní Rye Lane ní Peckham, ọjà Áfíríkà kún fún èlùbọ́, ẹja gbígbẹ àti irú. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, ẹnu ọ̀nà ni òun àti ọkọ ti ń kí ara wọn. Oúnjẹ alẹ́ ẹnìkan ni oúnjẹ àárọ̀ ẹnìkejì. Wọ́n ní ìdí tó yéni. Ẹni tó ń sùn mọ́jú nílé ní Ìbàdàn, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ, kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ kan wà fún àwọn tó ń pẹ́ wọlé: àwọn dókítà ń gbani nímọ̀ràn pé kó tó wákàtí méjì sí mẹ́ta láàrin oúnjẹ alẹ́ àti oorun. Àmàlà aago mẹ́wàá tó bá ènìyàn dé orí bẹ́ẹ̀dì lè máa ta á láyà mọ́jú. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tó fún alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, tàbí ẹ̀fọ́ rírò pẹ̀lú iṣu sísè díẹ̀. Méjèèjì á lè dúró de ara wọn jẹ ẹ́. Iyán lè dúró de òpin ọ̀sẹ̀.

Nítorí náà, lópin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí, bí adìẹ bá wà nínú ìkòkò, kí baálé gbé àga kejì wá sídìí tábìlì, kó pe ìyá àwọn ọmọ jáde ní kíṣìnnì, kó sì mú ọ̀bẹ dání. Iwe ṣe é gé sí méjì.