Ta Ni Yóò Gba Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́ Bàbá?

Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2022 ní kí tíṣà fẹ̀yìn tì tó bá pé ẹni ọdún 65, tàbí tó bá ti lo ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá tó ń kó èrò 14 láti Orè lọ sí Èkó ńkọ́? Ta ló ń sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́? Bí tíṣà bá ṣi máàkì mi kà, mo lè bẹ̀ ẹ́ kó tún un wò. Ẹni tí tírélà gbá kò rí ibi tí yóò ti bẹ̀bẹ̀.

Ẹ wo ọ̀nà wa. Títì Ṣàgámù sí Benin ló gba Orè kọjá, tọ̀sán-tòru sì ni tírélà àti táńkà ń sáré lórí rẹ̀. Orè náà ni àwọn ọkọ̀ tó ń kó kòkó àti epo pupa bọ̀ láti Omifunfun ti ń pàdé rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wọ títì ní láti wo ọ̀tún, kó wo òsì. Ibẹ̀ gan-an ni àìsàn ojú tí àwọn dókítà ń pè ní glaucoma ti ń ṣọṣẹ́. Kì í sábà dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹni tó ń ṣe ṣì ń rí iwájú kedere, yóò sì máa búra pé ojú òun dá ṣáṣá. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé lẹ́yìn ìkùukùu tó ń bo ẹyinjú, òun ló ń fọ́ àwọn àgbàlagbà lójú jù.

Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé awakọ̀ fúnra rẹ̀ yóò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Àwa tí a wà lẹ́yìn ló máa ń mọ̀. Mo ti wọ ọkọ̀ tí ọmọ tó ń gbowó ti ń pariwo pé, “Bàbá, ẹ dúró o! Tírélà ń bọ̀ lápá òsì!” Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, ìyá kan ní ọmọ náà gan-an ni dẹ́rẹ́bà. Kò sẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀.

Bí mo bá sọ̀rọ̀ báyìí, òwe ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn: bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Mo gbà. Àmọ́ àkísà kì í tẹ búréèkì. Wọ́n á tún ní àwọn ọ̀dọ́ tó mu paraga ló ń pa èèyàn. Òótọ́ ni, kí wọ́n mú wọn.

Èmi ò ní ká fi ọjọ́ orí nìkan dájọ́, torí ẹni ọdún 75 lè ríran ju ẹni ọdún 55 lọ. Àyẹ̀wò ni mo ń béèrè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìwakọ̀ ń parí ní ẹni ọdún 70, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sì ń tún un gbà lẹ́yìn náà. Tiwa náà ń parí lẹ́yìn ọdún 3 tàbí 5. Kí àjọ FRSC má fún ẹni tó lé ní 65 ní tuntun láìjẹ́ pé dókítà ojú ti yẹ̀ ẹ́ wò, iwájú àti ẹ̀gbẹ́.

Prince Philip, ọkọ Ọbabìnrin Elizabeth, jẹ́ ẹni ọdún 97 nígbà tí òun àti ọkọ̀ mìíràn forí sọ ara wọn ní oṣù kìíní 2019. Ní oṣù kejì, ó dá ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n Prince Philip ní ẹni tí yóò máa wà á kiri, oúnjẹ rẹ̀ kò sì sí nínú ọkọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Bàbá tiwa kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Kì í ṣe agídí ló ń ṣe é, ebi ló ń bà á lẹ́rù. Àwọn tí mo ń bá wí ni àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà, tó jẹ́ pé owó ọkọ̀ yìí ló rán wọn níwèé, tí wọ́n kàn ń sọ lórí fóònù pé, “Dádì, ẹ máa rọra wakọ̀ o.” Mo ń bá olówó ọkọ̀ wí: ó mọ̀ pé Bàbá kì í jalè, kì í sì í sáré, ó wá fi ìyẹn dijú. Mo ń bá ẹgbẹ́ awakọ̀ wí pẹ̀lú. Wọ́n ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì ní gáréèjì láràárọ̀. Kí wọ́n yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tó bá gbé ọkọ̀ kalẹ̀.

Kí ìjọba tó ṣe tirẹ̀, ohun kan wà tí a lè ṣe ní Sátidé tó ń bọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, awakọ̀ gbọ́dọ̀ lè ka nọ́ńbà ara ọkọ̀ láti mítà 20. Kí ọmọ mú Bàbá dúró níwájú ilé, kó bẹ̀ ẹ́ pé kó ka nọ́ńbà ọkọ̀ aládùúgbò. (Ẹ má sọ pé Bàbá ò kàwé, ó mọ nọ́ńbà owó dáadáa.) Bí kò bá rí i kà pẹ̀lú awò ojú rẹ̀, kí ọkọ̀ má kúrò nílé lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Kí àwọn ọmọ sì kọ́kọ́ gbé owó oúnjẹ oṣù kan lé e lọ́wọ́, kí wọ́n tó nawọ́ gba kọ́kọ́rọ́.