Oògùn Adìyẹ àti Ọwọ́ Wa



Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó kọjá, ìyá kan tí ó ń sin adìyẹ bá mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Ó ní, "Àlùfáà, mo máa ń po oògùn apakòkòrò sínú omi àwọn adìyẹ mi lójoojúmọ́. Kò sí èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn o, kí wọ́n lè tètè tóbi ni. Ọmọ mi ní kí n jáwọ́. Kí ló kan ènìyàn nínú oògùn adìyẹ?" Mo ní n óò dáhùn níhìn-ín, kí ẹlòmíràn lè gbọ́.

Ọlọ́hun Ọba dá àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí sínú ìfun ènìyàn àti ti ẹranko. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀tá wa. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fún ẹran ní oògùn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn tí kò lágbára yóò kú, àwọn tí apá oògùn kò ká yóò ṣẹ́kù, wọn yóò sì máa pọ̀ sí i.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà fi èyí hàn ní ọdún 2015. Oògùn kan wà tí ń jẹ́ colistin, tí àwọn dókítà ń fi pamọ́ de ìgbà tí oògùn mìíràn bá kùnà. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń pò ó mọ́ oúnjẹ ẹran. Nínú ẹlẹ́dẹ̀ 804 tí wọ́n yẹ̀ wò níbi ìpẹran, 166 ló ní kòkòrò tí apá colistin kò ká. Nínú àyẹ̀wò 1,322 láti ara àwọn aláìsàn ní ọsibítù, wọ́n rí i nínú 16. Ẹ má wí pé, "Àwa kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀." Wọ́n rí i lára ẹran adìyẹ pẹ̀lú. Ní 2017, ìjọba Ṣáínà fi òfin de pípo colistin mọ́ oúnjẹ ẹran kí ó lè tóbi.

Bí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ bá dé ọsibítù, ọwọ́ wà lára ohun tó ń gbé e láti ibùsùn dé ibùsùn. Ní 1847, ní ìlú Vienna, dókítà Ignaz Semmelweis rí i pé àwọn dókítà ń ti ibi tí wọ́n ti ń la òkú lọ gbẹ̀bí. Ó ní kí wọ́n máa fi omi kílórínì fọ ọwọ́. Ní 1846, bí ìyá 11 nínú 100 ló kú ní wọ́ọ̀dù náà. Ní 1848, wọn kò tó 2. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́.

Ẹ̀sìn wa ti kọ́ wa ní fífọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe àlùwàlá tán, tó wá lọ kó ìgbẹ́ adìyẹ, ọwọ́ rẹ̀ ti tún dọ̀tí. Ọṣẹ ló kàn. Nítorí náà:

1. Ẹ má fún adìyẹ tí ara rẹ̀ yá ní oògùn apakòkòrò. Ẹ tún ilé rẹ̀ ṣe, ẹ fún un ní omi mímọ́, kí ẹ sì pe dókítà ẹran bí àìsàn bá dé.

2. Ẹ má fún ọmọ ní oògùn adìyẹ, tàbí kápúsù tó ṣẹ́kù lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oògùn apakòkòrò kò wo ọ̀fìnkìn.

3. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn adìyẹ, lẹ́yìn ẹran tútù àti lẹ́yìn ṣáláńgá, kí ẹ tó dáná àti kí ẹ tó fọwọ́ kan aláìsàn.

4. Ní ọsibítù, ẹ má tijú láti fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ nọ́ọ̀sì kí ó fọ ọwọ́ kí ó tó tọ́jú ọmọ yín.

Ìyá wa, òótọ́ ni ọmọ yín sọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ gbọ́ tirẹ̀. Kí Ọlọ́hun dá àwọn ọmọ wa sí, kí oògùn má kọ̀ fún wa lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Àmín.