Ta ló ni géèmù yìí? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí owó tó dé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe géèmù, tí ẹ ń kọ ìtàn, tí ẹ ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Iṣẹ́ yín ń wú wa lórí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wà tí ọ̀pọ̀ yín kì í fẹ́ gbọ́: ta ló ni ín?

Bí lọ́yà bá ti bi yín báyìí, ìdáhùn yín kì í jìnnà: "Ẹ jẹ́ ká ṣe é ná. Tí owó bá dé, a ó mọ bí a ṣe máa pín in." Èmi ò fara mọ́ ọn. Tí owó bá dé kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ yìí, ìjà ló máa tẹ̀ lé e wọlé.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí géèmù S.T.A.L.K.E.R. Lọ́dún 1972, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní Soviet Union àtijọ́, Arkady àti Boris Strugatsky, gbé ìwé Roadside Picnic jáde. Ìtàn àròsọ nípa sáyẹ́ǹsì ni. Àwọn àlejò láti òde ayé yà sí ilé ayé, wọ́n lọ, wọ́n sì fi àwọn nǹkan abàmì sílẹ̀. Àwọn tó ń yọ́ wọ ibẹ̀ láti jí nǹkan kó ni wọ́n ń pè ní stalker. Lọ́dún 1979, Andrei Tarkovsky fi ìtàn náà ṣe fíìmù. Nígbà tó di 2007, iléeṣẹ́ GSC Game World ní orílẹ̀-èdè Ukraine gbé géèmù jáde. Wọ́n gbé e lọ sí Chernobyl, níbi tí iléeṣẹ́ iná átọ́míìkì ti bú gbàmù lọ́dún 1986. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Òmíràn jáde ní 2008, òmíràn tún jáde ní 2009.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, ìròyìn jáde pé iléeṣẹ́ náà ti ń kógbá wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn àti ẹni tó ni orúkọ géèmù náà kò wọ̀. Lọ́dún 2012, wọ́n dá Vostok Games sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ géèmù tuntun tí wọ́n pè ní Survarium. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ náà wà lára wọn, ọpọlọ wà lórí wọn, ṣùgbọ́n wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ orúkọ S.T.A.L.K.E.R. sára ohunkóhun. Lọ́dún 2022, wọ́n ti Survarium pa.

Ìyẹn nìkan kọ́. Boris Strugatsky kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012. Arkady ti kú ṣáájú, lọ́dún 1991. Oṣù tó tẹ̀ lé ikú Boris ni bitComposer, iléeṣẹ́ kan ní Jámánì tó ti bá wọn ta géèmù kẹta ní Yúróòpù, jáde pé àwọn ti gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ Boris láti máa ṣe géèmù S.T.A.L.K.E.R. GSC fèsì kíá: ẹ̀tọ́ orí ìwé lẹ rà, ẹ ò ra géèmù wa, àwa la ni orúkọ géèmù náà àti ayé inú rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra ilẹ̀ rí máa mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnì kan kọ́lé sórí ilẹ̀ mọ̀lẹ́bí kan, àdéhùn wà láàárín wọn. Nígbà tó yá, ẹlòmíì lọ bá bàbá onílẹ̀, ó sanwó, ó gbàwé, ó wá dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí onílé kó jáde. Bàbá tó lè jẹ́rìí sì ti re ibi àgbà ń rè. Ta lẹ máa bi?

Kò sí géèmù S.T.A.L.K.E.R. tuntun fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. GSC padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 2014, wọ́n kéde apá kejì lọ́dún 2018, ogun Ukraine tún dá wọn dúró. Ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ló tó jáde. Láàárín ọjọ́ méjì péré, wọ́n ti ta ju mílíọ̀nù kan lọ. Ìyẹn á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ bí ohun tí wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ṣe tóbi tó.

Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé géèmù kan kì í ṣe dúkìá kan ṣoṣo. Ó kéré tán, mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni ìtàn tó ti wá. Èkejì ni orúkọ tí wọ́n fi ń tà á. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ fúnra rẹ̀: kóòdù, àwòrán, orin, ohùn. Ọwọ́ ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wà. Ẹni tó ra ọ̀kan tó rò pé òun ti ra gbogbo rẹ̀, ẹjọ́ ló rà.

Ṣé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni? Rárá o. Ẹ rántí Iwájú, eré tó sọ̀tàn Èkó ọjọ́ ọ̀la, tó jáde lórí Disney+ ní oṣù Kejì ọdún 2024. Kugali, iléeṣẹ́ tí Tolu Olowofoyeku, Ziki Nelson àti Hamid Ibrahim dá sílẹ̀, ló bá Disney ṣe é. Maliyo Games ní Èkó sì ṣe géèmù rẹ̀, Rising Chef. Inú mi dùn sí i, ó sì yẹ kí inú tiyín náà dùn. Àmọ́ ẹ wo orúkọ géèmù náà dáadáa: Disney ló ṣíwájú nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni "iwájú", kò sẹ́ni tó lè gbà á lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ayé inú eré yẹn, àti Tola àti Kole tó ń gbé inú rẹ̀, ẹ ò lè dìde lọ́la kẹ́ ẹ fi ṣe géèmù tiyín láìtọrọ àyè. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé kéèyàn gbaṣẹ́ ṣe. Kéèyàn mọ̀ pé iṣẹ́ lòun gbà, kì í ṣe ilẹ̀, ìyẹn ló ṣe pàtàkì.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Kwara, níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná jù lójú tèmi. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ekiti, Òsì ni ìlú Areogun, àgbà agbẹ́gilére tó kú ní nǹkan bí 1954. Bandele ọmọ rẹ̀ náà jogún iṣẹ́ ọ̀hún. Ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, tí Ìlọ́fà jẹ́ olú ìlú rẹ̀, Odò-Ọwá ni Bámigbóyè ti gbẹ́ àwọn Epa ńláńlá rẹ̀, kó tó kú lọ́dún 1975. Iṣẹ́ wọn wà ní àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Lọ́dún 2022, Yunifásítì Yale ṣí àfihàn ńlá kan lórí Bámigbóyè nìkan.

Ẹ wo orí Epa kan: jagunjagun lórí ẹṣin, ọmọ ogun àti onílù yí i ká. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, ọmọ Òsì tàbí Ìlọ́fà kan máa fi í ṣe géèmù, á gbé e lọ sójú sánmà, á fi kún ìtàn tiẹ̀. Ó yẹ kó ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ló máa bi? Lábẹ́ òfin wa, ẹ̀tọ́ oníṣọ̀nà máa ń wà láàyè fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Tí a bá fi ìṣirò yẹn ṣe é, ti Bámigbóyè ò ní parí kí ọdún 2045 tó parí. Ẹni tó ra ère kò fi bẹ́ẹ̀ ra ẹ̀tọ́ láti máa da irú rẹ̀ kọ. Ohun tó sì jẹ́ àṣà gbogbo ìlú, òfin dáàbò bò ó lọ́tọ̀. Tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ò bá tètè mọ èyí, ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n máa ṣe géèmù náà láti òkèèrè, a ó sì máa fi dátà ra ère bàbá wa.

Òfin Kọpiráìtì ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023, kò fi wá sílẹ̀ lófo. Èrò lásán kò ní olówó. Ohun tẹ́ ẹ bá fi èrò náà ṣe ló ní. Tẹ́ ẹ bá gbéṣẹ́ fún ayàwòrán tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín, òun ló ni ẹ̀tọ́ orí àwòrán náà àfi tí ìwé àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sanwó, ṣé ẹ gbọ́? Rìsíìtì báńkì kì í ṣe ìwé ẹ̀tọ́. Ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ má ṣe buwọ́ lùwé tẹ́ ẹ ò kà.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. "Ọ̀rẹ́ ni wá, ṣé a ò fọkàn tán ara wa ni?" Àwọn tó jọ ṣe S.T.A.L.K.E.R. náà jọ jẹun pọ̀ rí. Ìwé kì í ba ọ̀rẹ́ jẹ́, àìsọ̀rọ̀ ló ń bà á jẹ́. Àwọn míì á ní lọ́yà wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n abala ìwé kan ò wọ́n: orúkọ gbogbo yín, ohun tí kálukú ṣe, ta ló ni ìtàn, ta ló ni orúkọ géèmù, báwo lẹ ṣe máa pín owó, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí ẹnì kan bá kúrò tàbí tó kú. Ẹ kọ déètì sí i, kí gbogbo yín buwọ́ lù ú. Nígbà tí iṣẹ́ bá dàgbà, ẹ wá lọ́yà.

Ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tí kò tíì sí kọ́bọ̀ kan nílẹ̀ tí ẹ máa jà lé lórí.