Fóònù Méjì Wo ni Wọ́n ń Kọ Áàpù Fún ní Zuba?

Wọ́n tún ti sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wá áàpù fún òwò rẹ̀ ní Àbújá lónìí, yálà ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Wuse tàbí ó ń kó ọsàn wá sí ọjà èso Zuba, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ọ: “Ẹ jẹ́ ká fi Flutter kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan la ó kọ ọ́, yóò ṣiṣẹ́ lórí Android, yóò ṣiṣẹ́ lórí iPhone. Owó ẹyọ kan, fóònù méjì.” Orí ẹni tó fẹ́ sanwó á wú. Ta ni kò fẹ́ ra méjì ní owó ẹyọ kan?

Ká má purọ́ mọ́ wọn, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Flutter tí Google gbé jáde ní kíkún ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, àti irú rẹ̀ mìíràn, React Native, tí Facebook ṣí sílẹ̀ fún aráyé ní 2015, iṣẹ́ gidi ni méjèèjì. Nubank, báńkì ńlá ti Brazil, ń lo Flutter. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà Nubank kì í ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní Zuba.

Ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n nìyí: fóònù méjì wo? Ní Nàìjíríà lápapọ̀, nínú fóònù mẹ́rin tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, Android ju mẹ́ta lọ nínú wọn, ìyẹn tí a bá ka àdúgbò olówó bíi Lekki àti Maitama mọ́ ọn o. Ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ sí Zuba, níbi tí títì tó ń bọ̀ láti Lokoja ti pàdé ti Kaduna, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń já ọsàn àti máńgòrò sílẹ̀, tí wọ́n ń pe èrò ní gáréèjì. Ẹ wo ọwọ́ àwọn alágbàtà, àwọn alábàárù àti àwọn oní-POS. Itel, Tecno, Infinix. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, Transsion ti Shenzhen ní Ṣáínà, ló ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Android sì ni gbogbo fóònù ìgbàlódé tí wọ́n ń ṣe. Bàtà ọ̀fẹ́ fún ẹsẹ̀ kejì, kí ni ẹlẹ́sẹ̀ kan fẹ́ fi ṣe?

Ọ̀fẹ́ náà kò sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó ń san án ni kò sí níbi tí wọ́n ti ń dúnàá-dúrà.

Áàpù native, èyí tí wọ́n fi Kotlin tàbí Java kọ fún Android nìkan, ń lo bọ́tìnì àti ohun èlò tó ti wà nínú fóònù tẹ́lẹ̀. Flutter kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ìyàwòrán tirẹ̀ ló ń gbé wọ inú fóònù kọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ya bọ́tìnì. Àwọn tó ṣe é wọ̀n ọ́n ní oṣù Kẹta ọdún 2021: áàpù tó kéré jù lọ tí a lè fi Flutter kọ ju 4MB lọ. Òfìfo ni o! Kò tíì sí orúkọ ọjà níbẹ̀, kò tíì sí iye owó. Ẹ wá fi wé Facebook Lite. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, oṣù díẹ̀ péré lẹ́yìn tí wọ́n fún aráyé ní React Native, Facebook yìí kan náà gbé áàpù jáde fún àwọn ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń falẹ̀, Áfíríkà sì wà lára wọn. Ṣé React Native ni wọ́n lò? Rárá o. Android ni wọ́n dìídì kọ ọ́ fún, gbogbo rẹ̀ kò sì tó 1MB. Nígbà tó di 2019, wọ́n tún ní láti ṣe Hermes, ẹ̀rọ JavaScript tuntun, kí áàpù React Native lè máa tètè ṣí lórí fóònù Android tí agbára rẹ̀ kéré. Ṣé ohun tí kò bàjẹ́ ni wọ́n ń tún ṣe?

Google náà mọ irú fóònù bẹ́ẹ̀. Torí wọn ló ṣe gbé Android Go jáde ní 2017, fún èyí tí RAM rẹ̀ kò ju 1GB lọ. Lórí fóònù yẹn, fọ́tò ìkómọjáde àti fídíò WhatsApp ti gba ààyè tán. Bí ààyè bá wá há, áàpù yín ni wọn yóò pa rẹ́, kì í ṣe fọ́tò ọmọ. Dátà ńkọ́? Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi tó 50% kún owó wọn. Ìyá ọlọ́sàn ló wá ń fi owó yẹn gbé ẹ̀rọ ìyàwòrán tí kò bẹ ẹnikẹ́ni fún, kí ẹnì kan ní Wuse lè ní áàpù òun wà lórí iPhone. Ìwà ọ̀dájú nìyẹn, ẹ má pè é ní ọgbọ́n.

Wọ́n ní Kotlin le. Dart tí wọ́n fi ń kọ Flutter ńkọ́, ṣé inú oyún ni wọ́n ti kọ́ ọ? Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń lo irú rẹ̀. Airbnb bẹ̀rẹ̀ sí í lo React Native ní 2016. Ní 2018, ó kéde pé òun ń padà sí native.

Bí oníiPhone bá dé sí Zuba, ẹ fún un ní ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò ní dátà rárá, kóòdù bíi *737# ti GTBank ti fi hàn tipẹ́ pé ó lè fowó ránṣẹ́ láìsí áàpù kankan. Kí ló tún kù?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sanwó, ẹ má wo áàpù lórí fóònù ẹni tó ṣe é. Tirẹ̀ kì í lọ́ra. Ẹ yá Itel lọ́wọ́ ọmọ tó ń bá yín já ẹrù, ẹ fi dátà rẹ̀ gba áàpù náà sórí rẹ̀, ẹ dá owó dátà padà fún un, kí ẹ wá wo bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó ṣí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó san owó tó kù.