Ẹ Jẹ́ Kí Ẹni Tó Ṣe Ọkàn Lo Oògùn Rẹ̀ Tán

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Kánò! Òótọ́ ọ̀rọ̀ korò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Tí dókítà bá ní àfi kí wọ́n fi irin kékeré tí wọ́n ń pè ní stent sínú iṣan ọkàn ẹnìkan nínú wa, kíá la máa ń dáwó. Ẹgbẹ́ á dá, ṣọ́ọ̀ṣì á dá, mọ́sáláṣí á dá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí ẹni náà bá délé tán, àwọn kan á bẹ̀rẹ̀: "Ṣebí wọ́n ti ṣe é tán, kí lo tún ń lo oògùn sí?" "Oògùn òyìnbó ti pọ̀ jù lára ẹ, wá mu àgbo." Ta ló fi yín ṣe dókítà?

Àlejò ni irin yẹn nínú ara. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ẹ̀ kọjá lè dì mọ́ ọn, títí ara á fi bò ó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ oògùn méjì, aspirin àti clopidogrel tàbí irú ẹ̀. Ó sábà máa ń tó oṣù 6. Tó bá jẹ́ heart attack ló gbé èèyàn dé ọsibítù, oṣù 12 ni. Aspirin sì lè di ti gbogbo ayé. Ẹni tó bá dá a dúró ṣáájú àkókò, ẹ̀jẹ̀ lè dì dí irin náà lójijì. Ọ̀pọ̀ ni kì í yè é. Ìgbà yẹn lẹ ó wá máa sọ pé ayé ló ṣe é!

Ẹ̀yin oníkẹ́mísì wa, ẹ má kàn máa ta omeprazole fún ẹni tó ń lo clopidogrel torí ọgbẹ́ inú. Ó ń dín agbára ẹ̀ kù. Ẹni tó fẹ́ yọ eyín, tàbí tó rí i pé èrìgì òun ń ṣẹ̀jẹ̀, kó sọ fún dókítà ọkàn ẹ̀ kó tó dá oògùn kankan dúró. Tí àyà bá sì ń dunni, ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré lọ, kẹ́ ẹ má dúró wo ilẹ̀ mọ́.

Ohun tá a ń bá ẹgbẹ́ jà lé lórí rèé: ẹ̀ ń dáwó stent, ẹ̀ ń dáwó ìsìnkú, ẹ ò dáwó oògùn. Owó ló ń jẹ́ kí ẹlòmíì fi í sílẹ̀, ojú sì ń tì í láti tún bẹ̀ yín. Àwa ọlọ́jà ṣáà mọ̀ pé ẹni tó ra jẹnẹrétọ̀ tí kò ra epo, inú òkùnkùn náà ló wà. Ẹ fi owó oògùn ọdún kan kún un, ká jíròrò ẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀.